Ọmọ Tí Háwà Gbé Lé Sìlífátù Lọ́wọ́

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Akínrẹ̀mí aránṣọ wọlé tọ Alhaja Sìlífátù lọ ní Igbein, kò sì jókòó. Ìyẹn nìkan ti tó láti já obìnrin náà láyà. Láti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ bọ́ nínú ogun Làìbéríà, Akínrẹ̀mí kì í dé ilé rẹ̀ kó má fa àga, kó má béèrè omi tútù, kó má fi àwàdà kan pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó rọra di fóònù rẹ̀ mú bí ẹni mú ẹyin dání.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Èmi onílé ni mà á jókòó, kí àlejò wà lóòró? Akínrẹ̀mí, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹni tí a ní ó ti kú ló ń sọ̀rọ̀."

Alhaja jókòó.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti gbé Monróvíà kí ogun tó tú wọn ká ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wásáàpù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí ara wọn kú ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ nípa ẹni tó ṣaláìsí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi àwòrán ìgbà èwe ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan nínú wọn tó ń gbé Gánà báyìí ló fi ohùn kan ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Monróvíà ló bẹ òun pé kí òun tàn án kálẹ̀. Akínrẹ̀mí tẹ fóònù. Ohùn obìnrin àgbàlagbà kan jáde, ohùn gbígbẹ, nínú èdè Òyìnbó àwọn ará Làìbéríà tó máa ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì.

"Èmi ni Háwà tó ń ta ẹ̀pà lílọ̀ ní ọjà Waterside. Mò ń wá obìnrin Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Sìlífà. Aṣọ aláró ló ń tà. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní Bẹ̀kúta ni ìlú òun. Mo gbé ọmọbìnrin mi lé e lọ́wọ́ nígbà ogun. Bí ọmọ náà bá ti kú, ẹ sọ fún mi. Bó bá wà láyé, ẹ sọ fún mi. Mi ò béèrè ju ìyẹn lọ."

Alhaja Sìlífátù fọwọ́ bo ẹnu. Kì í ṣe ẹ̀rín ló ń rín.

"Tún un ṣe kí n gbọ́."

Akínrẹ̀mí tún un ṣe. Nígbà tó parí, ó béèrè bóyá kí òun fèsì.

"Rárá," ni Alhaja wí kíá. "Má tíì fèsì. Jẹ́ kí n ronú ná."

Kì í ṣe pé ó ní ohun kan tó fi pamọ́. Gbogbo Igbein ló mọ̀ pé òun kọ́ ló bí Haleemah. Haleemah pàápàá mọ̀ ọ́n láti kékeré. Nígbà tí Sìlífátù ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tí ilé ọkọ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ló tẹ̀lé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ sí Monróvíà láti lọ máa ta àdìrẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni Háwà ń pàtẹ sí. Ọmọ Mandíńgò ni Háwà, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ ẹrù. Àwọn obìnrin méjèèjì jọ ń kírun lórí ẹní kan, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, títí Sìlífátù fi gbọ́ èdè Mandíńgò. Ọmọ méjì ni Háwà bí: Sékù ọkùnrin, àti Haleemah, tó jẹ́ pé àárín ìdì aṣọ Sìlífátù ló ti kọ́ bí a ti ń rákò.

Ogun dé bí òjò tí kò ṣú. Oúnjẹ kọ́kọ́ wọ́n, omi tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn Mandíńgò láti ilé dé ilé. Wọ́n fa ọkọ Háwà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti dínà, kò sì padà wálé mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ òkun yóò kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Háwà dúró lẹ́nu ọ̀nà Sìlífátù, Haleemah wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibà ti dá Sékù dùbúlẹ̀, kò lè rìn. Háwà tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà pọ̀n Sìlífátù.

"Ní orúkọ Ọlọ́run, sọ pé ìwọ lo bí i. Èmi àti Sékù á bá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá."

Lójú ọ̀nà èbúté, ọmọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká dá wọn dúró. Ó wo ojú ọmọ náà títí, ó sì fi èdè Mandíńgò bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Sìlífátù mọ̀ pé bí ọmọ yìí bá fi lè dáhùn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Haleemah, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lójúmọ́, fi ojú pamọ́ sí i lẹ́yìn, kò fọhùn. Ọmọkùnrin náà pòṣé, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Háwà kò bá ọkọ̀ kankan wá. Sìlífátù wá a. Ó ń fi ọ̀rọ̀ rán gbogbo oníṣòwò tó bá ń lọ sí apá ibẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn Alágbèélébùú Pupa l'Ékòó, ó ń lọ sí àgọ́ àwọn asásálà ní Orù-Ìjẹ̀bú bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ní àgọ́ yìí ló ti bá ọkùnrin kan tí wọ́n jọ gbé àdúgbò kan náà ní Monróvíà pàdé. Ọkùnrin yìí fi Kùránì búra pé òun fojú òun rí ilé tí Háwà wà nígbà tó ń jó, kò sì sẹ́ni tó jáde níbẹ̀. Sìlífátù sunkún títí tí ojú rẹ̀ fi wú. Ó pe àwọn àáfà, wọ́n ṣe fídáù fún Háwà àti Sékù, ó wọ Haleemah ní aṣọ funfun. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ mọ́ pé, "Ìyá rẹ ń bọ̀." Ọlọ́run kò fún un lọ́mọ mìíràn. Ìyá Haleemah ni gbogbo ayé ń pè é.

Ẹni tí wọ́n ti ṣe fídáù rẹ̀ ló wá ń béèrè ọmọ yìí.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ kò lọ déédéé lọ́wọ́ Alhaja. Ó ti rẹ aṣọ kan sínú aró, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi dúdú jù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìtókù ń bá a ná ọjà, ojú rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀. Àgbà ni òun báyìí. Ọmọ tó ń wẹ̀ ẹ́ bí ara rẹ̀ kò bá yá, ọmọ tó máa ń pè é láràárọ̀ láti bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀, kí ló dé tí ẹlòmíràn á tún fi wá sọ pé tòun ni? Bí ó bá ní kí Akínrẹ̀mí pa ohùn yẹn rẹ́, ta ni yóò mọ̀?

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan kò jẹ́ kó gbádùn. "Bí ọmọ náà bá ti kú, ẹ sọ fún mi." Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Irú ìyà wo ni yóò jẹ ìyá ọmọ débi pé ìròyìn ikú pàápàá yóò di ohun tó ń tọrọ? Nígbà tí àwọn èèyàn ń jáde ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, Alhaja kò padà sílé. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, níbi tí Haleemah àti Àmínù ọkọ rẹ̀ ń gbé.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Haleemah. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni, ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fẹ́ lọ gbé omi, ìyá rẹ̀ sì ní kó jókòó. Akínrẹ̀mí ti fi ohùn náà sórí fóònù Alhaja. Ó tẹ̀ ẹ́.

Haleemah tẹ́tí. Kò gbọ́ ju ìdajì lọ. "Màámi, ta nìyẹn?"

"Ìyá rẹ."

"Ẹ̀yin nìyá mi."

"Èmi ni. Òun náà ni. Kò kú, Haleemah. Ẹni tó sọ fún wa nígbà yẹn ṣì í sọ."

Haleemah gbé bàtà tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tò ó, ó tún un tò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le.

"A ti ṣe fídáù rẹ̀. Ẹ wọ̀ mí láṣọ funfun, ẹ ní kí n máa tọrọ àforíjì fún un lẹ́yìn gbogbo ìrun mi. Mo ṣe é. Mo ń ṣe é títí tí mo fi dàgbà. Mo ti sunkún rẹ̀ tán, Màámi. Níbo lẹ ti fẹ́ kí n rí ẹkún mìíràn? Ẹ má dá a lóhùn."

"Ó ní kí a sáà sọ fún òun bóyá o wà láyé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn."

Alhaja mọ ọmọ rẹ̀. Bí a bá fi agbára tì í, ṣe ló máa ń walẹ̀ dúró. "Iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ bi ọ́ léèrè," ló wí. "Bí obìnrin kan bá bímọ tán, tó dákú, tó wá jí, tó ní ọmọ òun ńkọ́, kí lẹ máa ń ṣe?"

Haleemah wo ilẹ̀.

"A máa ń gbé ọmọ náà fún un."

"Bí ọmọ náà bá sì ti kú?"

"A máa ń sọ fún un. A kì í jẹ́ kó máa béèrè."

Haleemah dìde, ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mo wà láyé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ o, Màámi."

Ìsọ̀ Akínrẹ̀mí ní Láfẹ́nwá ni wọ́n ti pe Háwà. Àwọn onímọ́tò ń pariwo ìlú tí wọ́n ń lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún, Alhaja fi ìka di etí kan.

"Háwà. Sìlífà ni."

Kò sí ìdáhùn. Ó rò pé fóònù ti já.

"Ṣó wà láyé?" ni ohùn náà béèrè.

"Ó wà láyé. Ó ti lọ́kọ. Ó ti bímọ."

Nǹkan já lulẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń ké "Àlàáhù Àkíbárù," wọ́n ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ ti ń sáré, wọn kò sì gbọ́ ohùn Háwà mọ́ lọ́jọ́ náà. Akínrẹ̀mí dá iṣẹ́ dúró, ó fi aṣọ oníbàárà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nu ojú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tó ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe mọ́ ara rẹ̀.

Alhaja rò pé ọ̀rọ̀ yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, títí ọkàn Haleemah yóò fi rọ̀. Ó gbàgbé irú ẹni tí Háwà jẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí fóònù Akínrẹ̀mí dún, tí Háwà ní òun ti dé Kútọnu, kí wọ́n sọ fún òun irú ọkọ̀ tí òun máa wọ̀. Ọkọ̀ akérò ló ń wọ̀ bọ̀ láti Monróvíà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń tún òmíràn wọ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá kí òun wá.

Akínrẹ̀mí lọ pàdé rẹ̀ ní bodè, ó mú un dé Láfẹ́nwá. Alhaja ti ń dúró níbẹ̀. Obìnrin tínínrín kan sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, báàgì kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni ń wá ojú ọ̀dọ́mọdé kan nínú ojú àgbàlagbà. Háwà ló kọ́kọ́ fi orí lé ejìká Sìlífátù. Àwọn èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ọlọ́kadà kan ní kí àwọn màmá kúrò lọ́nà.

Nínú ọkọ̀, Háwà ń wo òkúta àti òrùlé pípọ́n Abẹ́òkúta tó wà níwájú rẹ̀. "Ìlú tó tóbi tó báyìí! Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí mo rí ni mo bi pé níbo ni Bẹ̀kúta wà, wọ́n ní kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni Haleemah gbà láti wá sí Igbein. Òun àti Àmínù ló wá. Wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nílé. Alhaja ti kìlọ̀ fún Háwà pé kó fara balẹ̀, kó má sáré dì mọ́ ọn. Háwà jókòó sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín itan rẹ̀ bí ọmọ tí olùkọ́ ní kó má mira.

Haleemah wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà."

Ojú Háwà là. "Sìlífà, ṣó o gbọ́? Ó pè mí ní Ma!" Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá ni ọ̀rọ̀ náà.

Alhaja ìbá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí i pé bí òun bá fi irọ́ kékeré bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, òun ni yóò máa gbé e kiri títí. "Bí a ṣe ń kí gbogbo àgbà níbí ni, Háwà. Kò tíì túmọ̀ sí ìyẹn."

Háwà mi orí. "Ó dáa. Mo ti gbọ́."

Báyìí ni Alhaja Sìlífátù ṣe di ògbufọ̀ láàárín ọmọ àti ìyá. Haleemah gbọ́ Òyìnbó, ó kà á níwèé, ṣùgbọ́n Òyìnbó Háwà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja, nígbà tí omijé bá sì dé, Háwà a bọ́ sínú èdè Mandíńgò láìmọ̀. Wọ́n jẹun lákọ̀ọ́kọ́. Ìrẹsì ọ̀fadà ni Alhaja sè. Háwà bù ú sẹ́nu, ó dúró, ó ní bí ìrẹsì oko àwọn ṣe rí gan-an nìyí, ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín? Àmínù rẹ́rìn-ín. Ìtura díẹ̀ wọ inú yàrá. Háwà sọ bí ó ṣe sá jáde kí ilé tó jó, bí ó ṣe gbé ọ̀pọ̀ ọdún ní ibùdó asásálà ní Gínì, bí ó ṣe padà sí Monróvíà tó sì bá ìsọ̀ ọjà tí àwọn àjèjì ti gbà. Alhaja ń túmọ̀ rẹ̀. Haleemah ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìtàn aládùúgbò.

Nígbà náà ni Háwà yí ojú sí Sìlífátù fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ sínú èdè Mandíńgò.

"Ọkùnrin kan ṣoṣo ló sọ fún ọ pé mo ti kú, o sì gbà? Ẹnu ẹnì kan? Àìmọye èèyàn ló sọ fún mi pé ọkọ̀ òkun tẹ́ ẹ wọ̀ rì. Mi ò gbà. O mọ ọjà tí mo ti ń tajà, o mọ orúkọ mi. O ò tún wá mi mọ́."

"Kí ló ń wí?" ni Haleemah béèrè.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà níbẹ̀ lẹ́yìn Alhaja; Akínrẹ̀mí wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó lè sọ pé ìrìn-àjò ló ń ròyìn. Ó lè sọ pé ó ń dúpẹ́. Ó fa iborùn rẹ̀ mọ́ra, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, láti orí dé ìdí, kò dín ọ̀rọ̀ kan kù, kò sì wí àwíjàre.

Haleemah dìde lójijì. "Ẹ sọ fún un pé àgọ́ Orù, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ilé yín. Ẹ sọ fún un pé nígbà tí èèyi mú mi, ọsibítù lẹ sùn sí. Ẹ sọ fún un—"

"Mi ò lè fi ẹnu ara mi yin ara mi, Haleemah. Sọ tìrẹ, mà á bá ọ sọ ọ́."

"Tèmi? Ó dáa, ẹ bá mi bi í." Ó kọjú sí Háwà. "Ọmọ méjì ló bí. Ó mú ọkùnrin dání, ó kó èmi fún ẹlòmíràn. Kí ló rí lára mi?"

Àmínù ní, "Haleemah, jẹ́jẹ́." Ṣùgbọ́n Alhaja ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ó wù ú kó fi oyin díẹ̀ sí i. Kò fi í sí i.

Háwà kò sunkún. Ó tẹ ara síwájú, ó ń wo ojú Haleemah nìkan, ó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kí Sìlífátù lè máa bá a bọ̀.

"Sékù jọ bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ á mọ ẹ̀yà wa. Ibà wà lára rẹ̀, kò lè sáré. Mo mọ̀ pé kò ní kọjá níbi tí wọ́n ti dínà. Ìwọ lè kọjá. Ìwọ lè yè. Èyí tó lè yè ni mo gbé lé ẹni tó ń lọ lọ́wọ́. Èyí tó ń kú lọ ni mo dúró tì, kó má bàa dá nìkan kú. Ó kú nínú igbó lọ́nà Gínì, orí itan mi ló kú sí. Ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ọmọ mi tọrọ. Mi ò fi ọ́ tọrọ. Bí wọ́n bá tún dá mi padà síbẹ̀ lónìí, ohun tí mo ṣe náà ni mà á ṣe."

Níbi "orí itan mi," ohùn Alhaja já. Ó dá a dúró, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́ dé òpin.

Haleemah jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sáàárín àwọn aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá. Àmínù fẹ́ tẹ̀lé e, Alhaja mi orí fún un. Nígbà tó padà wọlé, ó ti bọ́ ojú rẹ̀. Kò jókòó. Ó fi Òyìnbó tirẹ̀ bi Háwà, ó ń sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè yé e:

"Sékù. Ṣé ó dàgbà jù mí lọ?"

"Ó dàgbà jù ọ́ lọ. Òun ló máa ń gbé ọ kiri."

Haleemah kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ sì lọ. Háwà bi Sìlífátù pé ṣé yóò tún wá. Sìlífátù ní òun kò mọ̀, òtítọ́ sì ni.

Àìsàn ló mú un wá. Ìrìn-àjò gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ti bá Háwà jà. Ibà gbé e dè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú sí i, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. Alhaja pe Haleemah bí a ti í pe nọ́ọ̀sì. Haleemah gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fún un ní oògùn, ó ní òun á padà wá wò ó. Ó padà wá. Lójoojúmọ́ ló ń yà lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ aláìsàn àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ṣó ń dùn ọ́ níbí, ṣó o ti jẹun, na ẹsẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò nílò ògbufọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Alhaja ti Ìtókù dé, ó gbọ́ ohùn nínú ilé ìdáná. Ó rò pé Akínrẹ̀mí ló wá. Kì í ṣe Akínrẹ̀mí. Háwà jókòó sórí àpótí, ó ń lọ ẹ̀pà, Haleemah sì dúró tì í, wọ́n ń jiyàn lórí iyọ̀. Nọ́ọ̀sì ní iyọ̀ kò dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá ní ẹ̀pà tí kò níyọ̀, kí wọ́n gbé e fún ewúrẹ́. Òyìnbó Haleemah ti ń gé ìparí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò rí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Alhaja rọra yí padà, ó lọ jókòó sí ìta. Inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó rí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ẹrù kúrò lórí rẹ̀: ara ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn ló kù tó ń dùn ún. Ó jókòó síbẹ̀ títí Haleemah fi jáde wá, tó ní, "Màámi, ìgbà wo lẹ dé? Ẹ ò pè wá?" Ó sì wọlé lọ jẹun pẹ̀lú wọn. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀pà náà.

Háwà kò gbà láti dúró. Ó ní òun ní ìsọ̀, òun ní àwọn èèyàn, ibi tí òun sin ọkọ òun sí nínú ọkàn òun, òun kò lè fi sílẹ̀. Haleemah ṣèlérí pé tí òun bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, òun á kó àwọn ọmọ wá sí Monróvíà. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ìyá Monróvíà ni wọ́n ń pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Háwà máa lọ, ó ku òun àti Sìlífátù nínú yàrá. Háwà ń di ẹrù rẹ̀. Àdìrẹ tí Sìlífátù fún un kún inú báàgì.

"Sìlífà, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo sì ń bínú sí ọ. Mo rò pé ọ̀kan á lé èkejì jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló wà nínú mi."

"Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀," ni Sìlífátù dá a lóhùn. "Ìbá ṣe èmi, mà á bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó bá a fa ṣíìpù báàgì náà pa.

Haleemah ló sìn ín dé bodè. Alhaja kò bá wọn lọ. Ó ní orúnkún òun kò gba ọ̀nà jíjìn, wọn kò sì jà á níyàn. Ó ń retí pé kó padà dé kí ìrun Mọ̀gàríbì tó pè. Fóònù rẹ̀ dún kí oòrùn tó yí.

"Màámi, mo ti wà ní Kútọnu."

"Kútọnu ti ta ni? Ṣé bodè kọ́ lo ní o ń lọ?"

"Nígbà tó máa kọjá, ó wẹ̀yìn wò mí. Mo bá a wọkọ̀ ni. Mo ti pe ibi iṣẹ́. Ọjọ́rú ni mo ń bọ̀."

"Ìwọ tí o ò mú aṣọ kankan dání! Ta ló máa fún àwọn ọmọ yẹn lóúnjẹ? Àmínù tí kò mọ iná í dá?"

Haleemah ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn gbígbẹ, ó ń pè é kó wá jẹun.

"Lọ dá a lóhùn," ni Alhaja wí, ó sì pa fóònù. Ó dìde, ó di orúnkún mú, ó wá bàtà rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò tí àwọn ọmọ ń ti ilé-ìwé dé, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ kì í sì í ṣe ibi tí à ń fẹsẹ̀ rìn dé.